Síìlì Kékeré, Ọ̀ràn Ńlá: Alùpùpù Tamale àti Òṣèlú Ìtọ́jú

Ní Tamale, olú-ìlú Ẹkùn Àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, alùpùpù kì í ṣe ọkọ̀ ọ̀dọ́kùnrin nìkan. Olùkọ́ ń gùn ún lọ sí ilé ìwé, nọ́ọ̀sì ń gùn ún lọ sí ilé ìwòsàn, oníṣòwò ń fi í kó ọjà, ìyá a sì pọn ọmọ sẹ́yìn, a gbé èkejì síwájú, a gba ojú pópó lọ. Ẹni tó bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn débẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, iye àwọn obìnrin tó ń wa alùpùpù fúnra wọn ló máa kọ́kọ́ yà á lẹ́nu. Ohun tí kò ní tètè kíyè sí ni èyí tó wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú: ìlà epo tínínrín kan tó ṣàn wálẹ̀ lára irin, tí eruku pupa ti lẹ̀ mọ́.

Ìlà epo yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yóò rí ìtàn ojú ọ̀nà, ìtàn ọjà, àti ìtàn ìjọba nínú rẹ̀.

Ẹsẹ̀ méjì ni alùpùpù fi di táyà iwájú rẹ̀ mú. Àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ wa ń pè wọ́n ní ṣọ́ọ̀kì iwájú. Irin méjì ló para pọ̀ di ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: páìpù dídán kan, àti irin mìíràn tó fẹ̀ jù ú lọ, tí páìpù náà ń wọnú rẹ̀ tó sì ń jáde. Sípírìngì wà nínú rẹ̀, epo náà sì wà níbẹ̀. Sípírìngì ló ń gba ìwúwo nígbà tí táyà bá já sí kòtò. Epo, tó jẹ́ pé ojú ihò tóóró ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá, ló ń dá sípírìngì lẹ́kun kí ó má baà máa ta sókè sódò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ní ẹnu ibi tí páìpù ti ń wọlé ni òrùka rọ́bà kan wà tí wọ́n ń pè ní síìlì. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré tó kún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, irú àwọn tí àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ń ṣe ní àwòkọ Honda CG125 tó jáde ní 1976, páìpù yìí kì í sábà fẹ̀ ju mìlímítà 27 sí 31 lọ, síìlì tó yí i ká kì í sì í nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 10 lọ. Iṣẹ́ méjì péré ni síìlì ní láyé: kí epo má ṣe jáde, kí eruku àti omi má ṣe wọlé.

Bí síìlì bá kú, epo a bẹ̀rẹ̀ sí í jo. Ẹsẹ̀ kan a rọ̀ ju èkejì lọ. Iwájú alùpùpù a máa rì wọlẹ̀ bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, a sì máa fò lójú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, táyà a sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó yẹ kó di ilẹ̀ mú jù lọ. Èyí tó burú jù ni pé ìsàlẹ̀ ni epo ń ṣàn lọ, ìsàlẹ̀ náà sì ni bíréèkì wà. Lára alùpùpù tí bíréèkì iwájú rẹ̀ jẹ́ alàwo, epo tó bá kán sórí àwo irin tàbí tó rin páàdì yóò sọ bíréèkì di ẹnu lásán. Bẹ́ẹ̀ sì ni bíréèkì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídá alùpùpù dúró. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ìlà epo lè parí sí abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù.

Kí ló ń pa síìlì ní Tamale? Àkọ́kọ́ ni eruku. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, eruku a sì bo ohun gbogbo. Ọ̀pọ̀ òpópónà àdúgbò ni kò ní ọ̀dà, eruku pupa ibẹ̀ kì í sì í sinmi. Ó ń lẹ̀ mọ́ páìpù dídán, páìpù a gbé e dé ẹnu síìlì, a sì máa rin rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí a fi sáńpépà pa á. Òjò a tún dé, ẹrẹ̀ a ta sára páìpù, ìpẹtà a yọ ojú. Àwọn òkè kéékèèké tí a ń mọ sójú ọ̀nà láti dín eré kù náà ń kó tiwọn. Ẹrù ni ìparí rẹ̀: alùpùpù tí a ṣe fún ènìyàn méjì a gbé mẹ́rin, tàbí kó gbé méjì pẹ̀lú àpò àgbàdo.

Ní 2022, ìjọba Gánà ṣí afárá oníkòríta ńlá kan ní Tamale, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo àríwá orílẹ̀-èdè náà. Ó wúlò, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò dára lójú. Ṣùgbọ́n alùpùpù kì í sùn lórí afárá. Nígbà tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀dà, ó gbọ́dọ̀ gba kòtò àti gegele dé ẹnu ọ̀nà ilé olówó rẹ̀, nínú ìrìn kékeré tí kò sí fọ́tò rẹ̀ nínú ìwé ìpolongo ìbò yẹn ni síìlì ti ń kú.

Fítà ni wọ́n ń pè mẹkáníìkì ní Gánà, kò sì sí àdúgbò kan ní Tamale tí fítà alùpùpù kò sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n iye iṣẹ́ tó bá parí lójúmọ́ ni fítà ń jẹ. Oníbàárà dúró lórí rẹ̀, òmíràn tún wà lẹ́yìn, owó tí wọ́n sì fẹ́ san kò tó nǹkan. Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí tí a ó fi fi òòlù àti sukudiráfà gbá síìlì tuntun wọlé, tí ẹnu rẹ̀ a bó, tí epo a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jo kí oṣù tó parí. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ṣe é fúnra wọn nílé, ní ọjọ́ ìsinmi, lábẹ́ igi tàbí ní ẹ̀yìnkùlé. Kì í ṣe pé wọ́n mọ̀ jù fítà lọ. Àkókò ni wọ́n ní jù ú lọ, àwọn ni wọ́n sì máa gun ún.

Iṣẹ́ náà kò ju agbára ẹni tó ní sùúrù lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó tú ohunkóhun, ó yẹ kó kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà tí kò ná an lówó. Nígbà mìíràn, síìlì kò tíì kú. Iyanrìn ló há sí i lẹ́nu. Bí a bá gé pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ike omi, tí a ti rọ́bà adènà-eruku sókè díẹ̀, tí a sì fi pẹlẹbẹ náà gba àárín síìlì àti páìpù yí ká, iyanrìn náà lè jáde. Kí a nu epo rẹ̀ kúrò, kí a gùn ún fún ọjọ́ méjì. Bí kò bá jo mọ́, ìbùkún ni. Bí ó bá tún jo, a jẹ́ pé ọjọ́ síìlì ti pé.

Nígbà náà ni a ó gbé alùpùpù sórí igi tàbí àpótí tó lágbára, lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, títí táyà iwájú yóò fi kúrò nílẹ̀ tí alùpùpù kò sì ní mì. A ó dẹ ìdérí òkè páìpù díẹ̀ kí a tó tú àwọn bóòtù tó di páìpù mú, nítorí pé lẹ́yìn tí páìpù bá ti bọ́ sílẹ̀, kò sí ohun tí a ó fi dì í mú mọ́. A ó yọ táyà, a ó yọ ìbòrí ẹrẹ̀, a ó sì fi okùn so bíréèkì alàwo rọ̀ kí ó má baà fi okùn epo tirẹ̀ gbé ara dúró. A ó wá yí ẹsẹ̀ náà sọ́tùn-ún sósì, a ó sì fà á wálẹ̀.

Bí a bá ń yọ ìdérí òkè, kí ojú má ṣe wà lókè rẹ̀, torí sípírìngì tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè ta. A ó da epo àtijọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kì í ṣe sínú gọ́tà. Epo náà yóò dúdú, yóò sì máa rùn bí ẹja tó bà jẹ́. Ìyẹn nìkan a máa jẹ́ ẹ̀rí pé ó ti pẹ́ jù. Bóòtù kan wà ní ìdí pátápátá tí a ń fi Allen key tú. Bí ó bá ń yí lásán tí kò tú, kí a dá sípírìngì padà, kí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí a ti ń tú u. Wáṣà bàbà tó wà lábẹ́ bóòtù yẹn kò gbọ́dọ̀ sọnù. A ó yọ rọ́bà adènà-eruku, a ó yọ òrùka wáyà tó há sórí síìlì, a ó fa páìpù jáde, a ó sì fi sukudiráfà tí a wé aṣọ sí lára re síìlì àtijọ́ kúrò, kí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ má ṣe há.

Ibí yìí gan-an ni ọlọ́gbọ́n àti aláìsùúrù ti ń pínyà. Ẹni tí ó ń kánjú yóò mú síìlì tuntun, yóò sì fẹ́ gbá a wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe yóò gbé síìlì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì wo páìpù. Yóò nu ún, yóò gbé e sínú ìmọ́lẹ̀, yóò fi èékánná rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣé ìpẹtà ti jẹ ẹ́? Ṣé ó há níbì kan? Yóò yí i lórí gíláàsì tó tẹ́ pẹrẹsẹ láti mọ̀ bóyá ó ti tẹ̀. Bí àpá náà bá kéré, sáńpépà olómi tó kúnná gan-an lè mú un dán. Bí ó bá jinlẹ̀ tí èékánná ń kọ́ ọ, ó di dandan kí a pààrọ̀ páìpù náà, nítorí pé irin tó ní àpá yóò gé rọ́bà tuntun gẹ́gẹ́ bó ṣe gé èyí àtijọ́. Ẹni tó bá ra síìlì mẹ́wàá fún páìpù tó ti há, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni yóò ra síìlì.

Bí páìpù bá dára, ìyókù kò le. A ó fi epo ra ẹnu síìlì tuntun, a ó fi nylon tẹ́ẹ́rẹ́ wé orí páìpù kí etí irin má ṣe ya rọ́bà, a ó sì fi síìlì wọ̀ ọ́. A ó gbé síìlì àtijọ́ lé tuntun lórí, a ó sì fi páìpù omi oníke tó bá a mu rọra gbá a wọlé lápá gbogbo, títí ojú ihò tí òrùka wáyà ń jókòó sí yóò fi hàn. Dídún rẹ̀ yóò yí padà nígbà tó bá dé ìdí. A ó dá òrùka wáyà àti rọ́bà adènà-eruku padà, a ó sì da epo ṣọ́ọ̀kì tuntun sí i, kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù. Iye tí ìwé alùpùpù náà bá kọ ni a ó dà, sírínjì ńlá ni a ó sì fi wọ̀n ọ́n, kí ti ọ̀tún àti ti òsì lè dọ́gba. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni a ń pààrọ̀ síìlì wọn pọ̀, bí ọ̀kan tilẹ̀ nìkan ló ń jo, torí eruku kan náà àti ọjọ́ orí kan náà ló wà lára wọn. Ní ìparí, a ó fọ bíréèkì mọ́, a ó pààrọ̀ páàdì tó bá ti mu epo, a ó sì kọ́kọ́ gùn ún jẹ́jẹ́ ní àdúgbò kí a tó bọ́ sí títì.

Ohun tí òṣèlú ń ṣe sí alùpùpù ní Gánà àti ní Nàìjíríà jọ ti aláìsùúrù yẹn. Ní 2012, Gánà ṣe Òfin Ìrìnnà Ojú Pópó tí a mọ̀ sí L.I. 2180. Nígbà náà, Ìlànà 128 inú rẹ̀ kà á léèwọ̀ kí alùpùpù tàbí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta máa gbé èrò gba owó. Ṣùgbọ́n ní Tamale, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí aráàlú ń pè ní yellow-yellow di ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń wọ̀, lójú ọlọ́pàá, lójú olóṣèlú, lójú òfin fúnra rẹ̀. Ohun tí òfin ṣe ni pé ó fi iṣẹ́ náà sí ìkọ̀kọ̀ lójú ìwé, nígbà tó wà ní gbangba lójú títì. Ohun tó bá sì wà ní ìkọ̀kọ̀ lójú ìwé kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò: ta ni yóò mú ọkọ̀ tí òfin sọ pé kò sí wá fún àyẹ̀wò?

Nígbà tí ìbò 2020 ń bọ̀, John Mahama ṣèlérí pé òun yóò sọ ọ̀kadà di iṣẹ́ tó bófin mu. Mahamudu Bawumia, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà náà, ní rárá. Ó ní ó sàn kí àwọn ọ̀dọ́ náà gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kí wọ́n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ àríwá Gánà ni àwọn méjèèjì, wọn kò ṣàjèjì sí alùpùpù. Ìdìbò 2024 gbé Mahama padà, wọ́n sì búra fún un ní ọjọ́ 7, oṣù Kìíní, 2025. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ fún ọ̀kadà sì tún dìde. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìbéèrè kan náà ni àríyànjiyàn yí lé: ṣé kí a fi òfin dè é ni, àbí kí a fi òfin tú u? Ipò tí alùpùpù fúnra rẹ̀ wà, ojú ọ̀nà tó ń rìn, ojúlówó tàbí ayédèrú pààtì tó wà lára rẹ̀, wọn kì í sí nínú àríyànjiyàn náà.

Kí ọmọ Nàìjíríà má ṣe rò pé ilé ẹlòmíràn ló ń jó. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ojú pópó tirẹ̀ ní 2012 bákan náà, ó sì lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ títì. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejì, 2020, ó tún lé e. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, 2022, ó lé e pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Eti-Osa, Ìkẹjà, Súrùlérè, Lagos Island, Lagos Mainland àti Àpápá. Wọ́n gba ọ̀pọ̀ alùpùpù, wọ́n sì fi ẹ̀rọ rún wọn lójú kámẹ́rà. Òfin tí a ṣe lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́wàá ń jẹ́rìí sí ara rẹ̀ pé kò tíì ṣiṣẹ́. Síìlì ni wọ́n ń pààrọ̀, àpá wà lára páìpù. Páìpù ibẹ̀ ni àìtó ọkọ̀ èrò, ọ̀nà àdúgbò tí mọ́tò kò lè wọ̀, àti ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́. Àwọn àgbà ní a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Tamale mọ irú ìṣèjọba yìí ṣáájú kí alùpùpù tó kún inú rẹ̀, Yorùbá náà sì wà nínú ìtàn yẹn. Láyé ìjọba amúnisìn àti lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ọ̀fà àti àwọn ìlú Yorùbá mìíràn ló pọ̀ lára àwọn oníṣòwò ọjà Tamale. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta wọ̀róbo, wọ́n sì ta pààtì kẹ̀kẹ́ ológeere. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a tàbí kí wọ́n jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló dá páro. Wọ́n sọ fún aráàlú pé bí àjèjì bá ti lọ, ọrọ̀ ajé yóò dán. Kò dán. Ní oṣù Kìíní 1972, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Busia. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1983, ìjọba Shehu Shagari náà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé jáde ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ Gánà sì di ẹrù wọn sínú báàgì tí a ń pè ní Ghana Must Go títí di òní. Kí ọdún náà tó parí, ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Shagari. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ènìyàn ni wọ́n yọ bí ẹni yọ síìlì, wọn kò wo irin tó ń gé e.

Ó yẹ kí a tún wo síìlì náà fúnra rẹ̀. Rọ́bà ń hù ní Edo, Delta àti Oǹdó. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí rọ́bà Nàìjíríà wà ní Iyanomo, nítòsí ìlú Benin. Gánà náà ní oko rọ́bà ńlá ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà ara igi máa ń wú bí epo bá kàn án. Rọ́bà tí a ń pè ní nitrile, tí a ń fi ohun tó ti inú epo rọ̀bì jáde ṣe, ni ó ń fara da epo. Orílẹ̀-èdè méjèèjì sì ń wa epo rọ̀bì. Síbẹ̀, láti òkè òkun ni òrùka rọ́bà tí kò tó ọpọ́n ìka méjì ti ń wá. Nàìjíríà tilẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ táyà rí: Michelin ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá kógbá sílé, ìmọ̀ kéékèèké tó rọ̀ mọ́ ọn, bíi bí a ṣe ń po rọ́bà àti bí a ṣe ń dán an wò, máa ń bá a lọ. Ohun tó kù ní ọjà ni síìlì ojúlówó àti ayédèrú nínú páálí tó jọra, tí ẹni tó ń rà á kò ní ohun tó lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀ títí epo yóò fi tún jo.

Àwọn kan yóò ní kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba láti máa wo síìlì alùpùpù ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, ẹni tó ni alùpùpù ló yẹ kó máa nu páìpù rẹ̀ ní alaalẹ́, kó sì má ṣe gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń gun alùpùpù tó ń jo epo sórí bíréèkì, tó tún gbé ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn, kò lè dá ìjọba lẹ́bi tán. Ṣùgbọ́n ojúṣe méjì ni ó wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí ọ̀kan gbé èkejì mì. Ẹni tó ni alùpùpù lè pààrọ̀ síìlì ní ẹ̀yìnkùlé; kò lè da ọ̀dà sí ọ̀nà àdúgbò. Ó lè fi sírínjì wọn epo. Kò lè dúró sí ibodè kó máa yẹ páálí pààtì wò. Ó lè kọ́ iṣẹ́ díẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò lè dá ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo fítà ìlú, kí ọmọṣẹ́ tó gba òmìnira lè ní ìwé ẹ̀rí tó ní ìtumọ̀.

Ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe kò sì lágbára jù. Kí àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti Gánà àti ti Nàìjíríà, máa mú síìlì, páàdì àti okùn bíréèkì láti ọjà, kí wọ́n dán wọn wò, kí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kó o wọlé. Kí ìwé àṣẹ alùpùpù so mọ́ àyẹ̀wò tó rọrùn tí kò sì wọ́n: bíréèkì, iná, táyà, ṣọ́ọ̀kì. Kí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀ tó rú òfin lọ sí ọ̀nà tí alùpùpù ń rìn, kì í ṣe sí àpò ẹni tó dúró lójú ọ̀nà. Kò sí èyí tó nílò afárá, kò sì sí èyí tí wọ́n lè gé rìbọ́nù rẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń ṣèlérí rẹ̀.

Ìbò Nàìjíríà ti 2027 ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀kadà yóò sì tún gbéra. Ẹgbẹ́ kan yóò ní àwọn yóò fòfin dè é nítorí ààbò. Òmíràn yóò pín alùpùpù tuntun fún àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú àwòrán olùdíje lára tánkì epo. Ẹni tó bá gbọ́ ìlérí méjèèjì lè bi àwọn olùdíje ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni tó ti tú ṣọ́ọ̀kì rí yóò bi ara rẹ̀ kó tó gbá rọ́bà tuntun wọlé: kí ló gé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ta ló ti wo páìpù? Iye wo ni yóò ná wa láti pààrọ̀ rẹ̀, ọdún wo ni a ó sì parí? Olùdíje tó bá ní ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí yẹ fún ìbò. Èyí tí síìlì nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó ti wù kí síìlì náà dán tó, kí a mọ̀ pé epo yóò tún jo.